Bá A Ṣe Ń Fi Ìbọn Afẹ́fẹ́ Yọ Epo Lára Ṣíìtì Mọ́tò

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ wo ṣíìtì yìí dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án. Mọ́tò oníbàárà mi kan ni, ó ní àwọn ọmọ òun ló da ọbẹ̀ epo sí i lẹ́yìn, ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ó ti gbẹ mọ́ ọn pátápátá. Ìbọn afẹ́fẹ́ yìí la máa fi yọ ọ́. Ẹ wo ẹnu ẹ̀, ó rí bí àrọ tí ìyá alépo fi ń da epo sínú kẹ́ẹ̀gì, rọ́bà tín-ín-rín kan wà nínú ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá ti gba ibẹ̀ kọjá ó máa ń yí bírí bí ààjà, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń fa ọṣẹ látinú ife ìsàlẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ fi fákúùmù gbá a o. Yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ ló máa dà.

Ó wá kan kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún ìbọn yìí láfẹ́fẹ́. Tèmi wà lórí 90 psi, ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, èyí kékeré tẹ́ ẹ fi ń fẹ́ táyà nínú búùtù ò lè gbé e, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á ti tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táǹkì ẹ̀ kí omi inú ẹ̀ jò dànù. Lọ́jọ́ tí mi ò ṣe é, omi tó ti dógùn-ún ló fọ́n sára ṣíìtì funfun oníṣíìtì, ọ̀fẹ́ ni mo fọ gbogbo mọ́tò yẹn!

Ó yá, torí pé epo ni, ẹ kán ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ sójú àbàwọ́n náà díẹ̀, ẹ dán an wò níbi tó pamọ́ ná bóyá àwọ̀ ẹ̀ á ṣí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa á, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5. Tó bá jẹ́ mílíìkì tàbí ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ má lo omi gbígbóná rárá, ṣe ló máa sè é mọ́ ọn.

Ẹ gbé ẹnu ìbọn jìnnà tó ìka méjì, láti etí àbàwọ́n ni kẹ́ ẹ ti máa wọ àárín, kó má baà tàn kálẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rí táwẹ́lì ọwọ́ òsì mi? Òun gan-an niṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gbé epo lọ, ó kàn ń tú u jáde látinú aṣọ ni, tẹ́ ò bá nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó máa padà síbi tó ti ń bọ̀. Ẹ wò ó, táwẹ́lì ti pọ́n bí ọsàn, ẹ yí i síbi tó mọ́, ẹ tún nù ún.

Ẹ má gbé ìbọn yìí dé àjà mọ́tò o, gúlúù ibẹ̀ máa ṣí, aṣọ ẹ̀ á wá máa so jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lórí yín. Ẹ wọ gíláàsì ojú náà.

Ẹ ti ọṣẹ pa, kó ku afẹ́fẹ́ lásán, ẹ fi gbẹ ẹ́. Inú fóòmù ṣì tutù, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sójú oòrùn. Tó bá dọ̀la tí epo bá tún yọjú, látinú fóòmù ló ti gòkè wá, ẹ tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó bá ṣẹ́ kù tó kàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oòrùn fúnra ẹ̀ á ṣí i.