Kí Ilé Tó Dé Ọwọ́ Éjẹ́ǹtì

Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, mo kí gbogbo yín. Kò sí àlejò lónìí, èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ ilé rírà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ilé tí wọ́n ti gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì o. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé òun fẹ́ tà ni mò ń wí. O rí i, ó wù ọ́, o wá onílé lọ tààrà, o ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bó bá di ọjọ́ kan tẹ́ ẹ fẹ́ ta ilé yìí, ẹ rántí mi kẹ́ ẹ tó pe éjẹ́ǹtì.” Bí mo ṣe ra ilé tí mò ń gbé nìyẹn. Àtìgbà tí mo sì ti mẹ́nu bà á níbí, ohun tí ẹ ń bi mí ni pé èló ni mo rí jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n já yín kulẹ̀ ní kíá. Mi ò ra ilé ní owó pọ́ọ́kú. Iye tó tọ́ sí i ni mo san. Owó tí onílé ì bá kó fún éjẹ́ǹtì kò jáde lóòótọ́, a sì jọ pín àǹfààní ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí éjẹ́ǹtì ì bá ṣe ṣì wà níbẹ̀, èmi àti onílé la jọ ṣe é. Ohun tí mo rí gbà gan-an ni àkókò àti ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ilé rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ilé bọ́ sójú ìkànnì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó tó di Sátidé èèyàn ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á fún ẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó o fi wo ohun tó o máa fi ọgbọ̀n ọdún san gbèsè ẹ̀. Bó o ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹlòmíràn ti dúró sí ẹ lẹ́yìn ọrùn. Ó di Mọ́ńdè, éjẹ́ǹtì ní kí kálukú kọ iye tó ga jù tí agbára ẹ̀ ká wá. O ò mọ iye tí àwọn yòókù kọ, o sì ń fi ìbẹ̀rù kún owó. Mo ti wà nínú ìlà yẹn dáadáa, ó sì sú mi.

Ohun kan wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ibi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ kí àwọn onílùú máa sọ bí wọ́n ṣe rí ilé wọn. Ọ̀kan ní ọ̀rẹ́ bàbá òun ló tà á fún òun. Òmíràn ní aládùúgbò ìyá ìyàwó òun ló fẹ́ kó lọ, wọ́n bá parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Kò sí éjẹ́ǹtì, kò sí ìlà. Ilé wọ̀nyẹn kò fojú kan ọjà rárá. Àwa tí a kó ẹrù wá láti òkè òkun ò ní ọ̀rẹ́ bàbá níbí, ilé tí àwọn tó mọ ara wọn ti wò tán tí wọ́n sì fi sílẹ̀ la ń sáré lé. Kò sẹ́ni tó ṣìkà fún wa níbẹ̀ o, kò kàn sẹ́ni tó rántí wa ni. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà sí àwọn onílé nìyẹn, kí ẹnì kan lè rántí mi.

Mi ò wá ní kẹ́ ẹ máa já lẹ́tà sí gbogbo ilé tó dára lójú o. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ “a ó fi owó lọ́wọ́ ra ilé yín” ti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn, ẹni tí gbèsè tàbí ọ̀fọ̀ ti ká mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri, kí wọ́n lè rà á lábẹ́ iye. Yan ilé mélòó kan tó o lè gbé inú ẹ̀ lóòótọ́. Fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò náà láàárọ̀, tún rìn ín lálẹ́, lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ kó o rí ibi tí omi ń dúró sí.

Lẹ́yìn náà lo máa wá mọ ẹni tó ni ín, torí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn lè jẹ́ ayálégbé. Èyí yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ní England àti Wales, ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti 1990. O san owó díẹ̀, o rí orúkọ onílé, o sì rí i bóyá gbèsè báǹkì wà lórí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ìjọba káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú ẹ̀ sí, ojútáyé sì ni. Ní Jámánì ní tiẹ̀, wọ́n á ní kó o fi ìdí tó bófin mu hàn kí wọ́n tó jẹ́ kó o wò ó. Pé ilé kàn wù ọ́ kò tó.

Lẹ́tà mi kò ju ojú ewé kan lọ, ọwọ́ ni mo sì fi kọ ọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀ rèé:

“Ẹ kú ilé o. Ìtòsí yín ni mò ń gbé. Ilé tí màá máa gbé ni mò ń wá, èmi kì í ṣe oníṣòwò ilé. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ní in lọ́kàn láti ta ilé yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń rò ó, ì báà ṣe lọ́dún yìí tàbí níwájú, inú mi á dùn bí ẹ bá pè mí. Báǹkì ti sọ iye tí àwọn lè yá mi. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti fèsì, mi ò ní kọ òmíràn sí yín.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Onílé tó mọ̀ pé òun lè dákẹ́ láìsí ìyọnu, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ láti ka ìyókù. Mi ò kọ iye owó kankan síbẹ̀. Bó bá kéré, o ti bú u. Bó bá pọ̀, o ti fi ara ẹ sọ́wọ́ ẹni tó ò tíì rí rí. Mi ò sì kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan ń kàn án, ó sì ń yọrí sí rere fún wọn, ṣùgbọ́n àjèjì tó dúró sẹ́nu ọ̀nà arúgbó tó ń dá gbé, ẹ̀rù ló máa kọ́kọ́ kó bá a, àgàgà bí àjèjì ọ̀hún bá dúdú bíi tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi fọ́tò ìdílé wa sí i, kí n sì kọ ọ́ pé onígbàgbọ́ ni wá. Mo ní rárá. Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1968 tí wọ́n ń pè ní Fair Housing Act kò gbà kí wọ́n torí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá kọ̀ láti tà fún un. Bó o bá wá fi fọ́tò àti ìjọ rẹ ṣe ẹ̀bẹ̀, ohun tí òfin ní kó má wò gan-an lo gbé fún onílé. Ní 2021, ìpínlẹ̀ Oregon ṣòfin pé kí éjẹ́ǹtì onílé máa dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà. Ní 2022, adájọ́ dá òfin náà dúró torí ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Mo gbọ́ ti adájọ́, àmọ́ ohun tó ń ba ìpínlẹ̀ náà lẹ́rù yé mi. Ní tèmi, orúkọ mi ti wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, odindi, pẹ̀lú àmì lórí ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ta ilé fún irú wa ti mọ ohun tó máa ṣe níbẹ̀. Ó sàn kó dákẹ́ ju kó fi àkókò mi ṣòfò lọ.

Ọ̀pọ̀ ni kò fèsì. Ọ̀kan bínú. Ẹni tó ta ilé fún mi, ìyá àgbàlagbà kan, ó pẹ́ kó tó pè, ó ní inú dúrọ́ọ̀ ni òun tọ́jú lẹ́tà náà sí.

Ọjọ́ tí mo lọ, kò fi yàrá hàn mí lákọ̀ọ́kọ́. Ó gbé fáìlì kan kalẹ̀ lórí tábìlì. Rìsíìtì ló wà nínú ẹ̀: ti òrùlé, ti wáyà iná, ti ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Ó ti fi bírò kọ ohun tí wọ́n ṣe àti ẹni tó ṣe é sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá nawọ́ sí àmì omi kan lókè àjà, ó ní, “Ẹ máa rí ìyẹn, ẹ máa rò pé òrùlé ń jò. Páìpù ni, a ti tún un ṣe, rìsíìtì ẹ̀ rèé. Mi ò kun ibẹ̀ torí mi ò lè gun àkàbà mọ́.” Tó bá jẹ́ pé éjẹ́ǹtì wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá ti kun ibẹ̀ kó tó di pé wọ́n ya fọ́tò, kò sì sẹ́ni tí ì bá ṣàlàyé kankan fún mi.

Mo bi í pé kí ló jẹ yín lógún jù. Kò dárúkọ owó. Ó ní òun ò fẹ́ kí èèyàn máa wọ yàrá òun wá wò ó kiri, àti pé ibi tí òun ń kó lọ ò tíì ṣe tán, òun ò sì fẹ́ kó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ọjọ́ la kọ́kọ́ dúnàádúrà lé lórí, kì í ṣe iye. Mo gbà kó máa gbé ibẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ilé bá ti di tèmi, a kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa jáde àti ẹni tó máa san owó iná. Ẹ rí ibi tí mo sọ yẹn, pé a kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fò ó.

Ní ti iye, a wo iye tí wọ́n ta àwọn ilé tó jọ ọ́ ládùúgbò, a wá jọ san owó ẹni tó ń díyelé ilé, ẹni tí kò mọ èmi, tí kò sì mọ ìyá náà. Báǹkì náà á tún rán ènìyàn tiwọn wá. Bí iye tiwọn bá kéré sí èyí tẹ́ ẹ fẹnu kò sí, tiwọn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó yáni lówó, àfikún á sì ti inú àpò rẹ jáde. Àyẹ̀wò ilé tún yàtọ̀ sí ìdíyelé o. Pé onílé ṣènìyàn kò ní kó o má san owó ẹni tó máa gun òrùlé wò ó.

Mo sì yarí pé kí ìyá náà ní lọ́yà tirẹ̀, kí n ní tèmi. Ó ní èéṣe tá ò fi lo ẹyọ kan. Mo ní bí àwọn ọmọ yín bá bi yín lọ́la pé ta ló sọ fún yín pé iye yìí dára, orúkọ ẹlòmíràn ló yẹ kẹ́ ẹ dá, kì í ṣe tèmi.

Ewu ibẹ̀ wà, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ẹni tó ní òun ni onílé lè má jẹ́ òun. Ilé tó ṣófo ni àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn jù. Orúkọ méjì lè wà lórí ìwé, kó sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lò ń bá sọ̀rọ̀. Onílé lè ti kú, kí ọmọ máa tà á nígbà tí ilé ẹjọ́ ò tíì fún un láṣẹ. Onílé lè ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú éjẹ́ǹtì kan tẹ́lẹ̀, kí éjẹ́ǹtì náà wá gba owó tirẹ̀ bí kò tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Nítorí náà, má fún onílé lówó lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Inú àkántì tí lọ́yà ń tọ́jú owó oníbàárà sí ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì de ẹnikẹ́ni: ní England àti Wales, òfin 1989 ní àdéhùn ilé gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí i. Kó tó dìgbà yẹn, onílé lè yí ọkàn padà. Ìwọ náà lè yí i. Má tíì sọ fún lánlọ́ọ̀dù rẹ pé ò ń kó jáde.

Mo dárúkọ lánlọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà ilé pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ mi. Ilé tó sún mọ́ yín jù lẹ máa ń gbàgbé. Ẹ ti mọ ibi tó ń jò nínú ẹ̀, ẹ ti mọ aládùúgbò tó ń pariwo, onílé sì ti mọ̀ pé ẹ ń sanwó lásìkò. Ní ilẹ̀ Faransé, bí onílé bá fẹ́ kí ayálégbé tó ń háyà ilé lásán, láìsí àga àti bẹ́ẹ̀dì onílé nínú ẹ̀, jáde kó lè ta ilé náà, òfin ọdún 1989 kan ní ayálégbé ọ̀hún ni kó kọ́kọ́ fi lọ̀. Níbi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìwọ fẹnu ara ẹ béèrè. Bí àdéhùn yín bá ń parí lọ, tó o fẹ́ kọ̀wé pé o fẹ́ máa gbé ibẹ̀ lọ, fi ìlà kan kún un: “Bó bá di pé ẹ fẹ́ ta ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, pàápàá ẹ̀yin tí onílé gbà tí báǹkì sì kọ̀.  Ó dìgbà kan ná.