Ẹ Fi Ẹjọ́ Náà Lé Ọlọ́run Lọ́wọ́

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. A kú ewu òru.

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 24:1-12

Sọ́ọ̀lù ọba kó 3,000 akọni lẹ́yìn, ó ń wá ẹnì kan ṣoṣo, Dáfídì, kiri aginjù Éńgédì. Ẹni náà ló ti ta dùùrù fún un títí ara fi tù ú, òun ló bá a pa Gòláyátì, òun náà ló fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀tá tó ti bá ni jẹun rí, tiwọn ló máa ń dunni jù.

Inú ihò àpáta tí Dáfídì sá pamọ́ sí gan-an ni Sọ́ọ̀lù yà sí láti gbọnsẹ̀. Àwọn èèyàn Dáfídì ní, ọjọ́ tí Olúwa sọ nìyí! Ẹ wo bó ti rọrùn tó láti da orúkọ Ọlọ́run bo ìbínú. Etí aṣọ ọba nìkan ni Dáfídì gé, ìyẹn náà sì tún dùn ún lọ́kàn. Ó wá ké sí Sọ́ọ̀lù pé kí Olúwa ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì, kí Olúwa gbẹ̀san òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò ní sí lára rẹ̀.

Àwa ńkọ́? A ó gbé ẹjọ́ síwájú Ọlọ́run láàárọ̀, a ó tún lọ gbà á padà lọ́sàn-án. A ó máa sọ òkò ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó máa retí ìgbà tí ẹni náà yóò ṣubú. Ta wá ni adájọ́?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ lù ú, Dáfídì yẹ̀ ẹ́, ó sì sá lọ lóru ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé tàbí tí wọ́n ń fikú halẹ̀ mọ́, kó kúrò níbẹ̀, kó sì fi tó agbófinró létí. Ìgbàgbọ́ kọ́ ni kéèyàn dúró de ọ̀kọ̀ kejì.

Ní aginjù Máónì, Sọ́ọ̀lù wà níhà kan òkè, Dáfídì wà níhà kejì, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìránṣẹ́ kan sáré dé: àwọn Fílístínì ti ya wọ ilẹ̀ wa! Sọ́ọ̀lù yí padà. Iná kò bọ́ látọ̀run, ìròyìn lásán ni Ọlọ́run lò.

Ìdájọ́ máa ń pẹ́ lójú wa. Sọ́ọ̀lù sunkún ní Éńgédì, síbẹ̀ ó tún lépa Dáfídì dé aginjù Sífì. Orí òkè Gílíbóà ló kú sí níkẹyìn, Dáfídì kò sí níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó fa aṣọ ya, ó sunkún, ó gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. (Kò ṣe ìdúpẹ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá gbọ́ irú àdúrà tí a ń gbà sí ọ̀tá.)

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, Onídàájọ́ òdodo, a kó ẹjọ́ wa lé Ọ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀, O gbọ́. Èyí tí a jẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀, fi hàn wá, kí O sì dárí jì wá. Àmín.

Olúwa, kòtò tí wọ́n gbẹ́ dè wá, má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ wa bọ́ sí i. Da ìmọ̀ ibi rú. Ìròyìn tí yóò mú alépa wa yí padà, jẹ́ kó tètè dé. Àmín.

Ọjọ́ tí ọ̀tá bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, di ọwọ́ wa mú, Olúwa, kí O sì ṣọ́ ahọ́n wa. Yí i lọ́kàn padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àmín.

Ṣọ́ àtijáde àti wíwọlé wa lónìí, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.