Hotel Theresa: Ilé Tí Wọ́n Ò Jẹ́ Kí Dúdú Sùn Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ilé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, Hotel Theresa tó wà ní Harlem, New York, ní ìkòríta 125th Street àti Seventh Avenue. Ilé alájà 13 ni, funfun báláú, ọdún 1913 ni wọ́n ṣí i, Gustavus Sidenberg tó kọ́ ọ sì fi orúkọ ìyàwó ẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Àwọn dúdú ti kún Harlem fọ́fọ́, iwájú ilé yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá láràárọ̀, àmọ́ wọn ò lè gba yàrá níbẹ̀, òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gbà, ó dọdún 1940 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ sì rántí pé olórin dúdú lè lọ kọrin ní hótẹ́ẹ̀lì ńlá láàárín ìlú nígbà yẹn, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un dòru, tó bá wá di àsìkò oorun wọn ò ní fún un ní bẹ́ẹ̀dì.

Theresa ló wá gbà wọ́n sílé. Duke Ellington olórin sùn níbẹ̀, Lena Horne tóun náà jẹ́ olórin sùn níbẹ̀, tí Joe Louis abẹ̀ṣẹ́ bá sì na ẹnì kan nínú ẹ̀ṣẹ́, iwájú Theresa lèrò máa ń rọ́ lọ. Mọ́níjà ilé yẹn dúdú ni, ọmọ ẹ̀ tó tọ́ dàgbà níbẹ̀, Ron Brown, ló padà di mínísítà ètò òwò Amẹ́ríkà lábẹ́ Ààrẹ Clinton.

Ní September 1960, Fidel Castro, olórí Cuba, wá sí àpérò UN, òun àti hótẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú ò gbọ́ra wọn yé lórí owó, ló bá kó gbogbo èèyàn ẹ̀ wá sí Theresa. Khrushchev olórí Soviet, Nasser ti Íjíbítì àti Nehru ti Íńdíà, gbogbo wọn ló wá kí i ní Harlem! Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà, náà lọ bá a lálẹ́.

Malcolm yìí gan-an ló kàn wá jù. Ní May 1964 ló wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ibẹ̀ sì sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Organization of Afro-American Unity sílẹ̀, inú Theresa sì ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà. Ọmọ́wálé yín nìyẹn o, inú ilé tí wọn ò ní jẹ́ kí bàbá ẹ̀ sùn ló ti ń gbàlejò àwọn oníròyìn, kí wọ́n tó pa á ní February 1965.

Nígbà tí gbogbo hótẹ́ẹ̀lì wá ń gba dúdú, oníbàárà Theresa dínkù, ẹ̀tọ́ tí wọ́n jà fún ló kó wọn lọ. Ó kógbá wọlé ní 1967, ó di ilé ọ́fíìsì, ìjọba ìlú sì kà á mọ́ ilé àjogúnbá tí wọn ò gbọ́dọ̀ wó ní 1993.

Tẹ́ ẹ bá dé New York, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọ tréènì lọ sí 125th. Ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí orúkọ Hotel Theresa lára ògiri.