Kigoma: Èbúté Tí Ojú Irin Dá Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Kigoma, ìlú kan létí adágún Tanganyika ní ìwọ̀-oòrùn Tàǹsáníà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá rí omi rẹ̀ yóò rò pé omi ló dá èbúté ibẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, rélùwéè ni.

Ujiji ló kọ́kọ́ lókìkí ní àgbègbè náà. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò láti etí òkun ti ń ra eyín erin àti ẹrú. Ibẹ̀ náà ni Stanley, akọ̀ròyìn tó ń wá Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò, kiri, ti bá a lọ́dún 1871. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Jámánì, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ń la ojú irin bọ̀ láti Dar es Salaam, Kigoma tó wà nítòsí ni wọ́n forí lé, torí pé omi ibẹ̀ jìn, òkè sì ṣíji bò ó lọ́wọ́ ìjì. Ojú irin náà, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 1,250, débẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1914. Bí Ujiji ṣe di ará ẹ̀yìn nìyẹn.

Adágún náà gùn ní kìlómítà 673, ṣùgbọ́n kò sí odò tí ọkọ̀ ńlá lè tọ̀ láti òkun débẹ̀. Nítorí náà, wọ́n kan ọkọ̀ kan ní Papenburg, ní Jámánì, lọ́dún 1913, wọ́n sì tú u palẹ̀. Àpótí bí 5,000 ni wọ́n dì í sí. Ọkọ̀ òkun gbé e dé Dar es Salaam, rélùwéè sì gbé e dé Kigoma. Anton Rüter àti àwọn Jámánì méjì mìíràn ló darí àwọn òṣìṣẹ́ tó tún un tò, irin sára irin. Oṣù Kejì ọdún 1915 ni wọ́n tì í sínú omi, wọ́n pè é ní Graf von Goetzen.

Ogun Àgbáyé Kìíní kò jẹ́ kó pẹ́ lójú omi. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1916, àwọn Jámánì rì í fúnra wọn kí ọ̀tá má bàa gbà á. Àmọ́ ẹ wo ọgbọ́n oníṣẹ́: wọ́n kọ́kọ́ fi gíríìsì kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e sókè lọ́dún 1924, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ṣì wúlò. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1927, orúkọ rẹ̀ sì di Liemba.

Nígbà tí Liemba ń ná adágún náà, ọ̀pọ̀ abúlé tó máa ń dúró sí ni kò ní èbúté rárá. Àwọn èèyàn máa ń wa ọkọ̀ kékeré wá bá a láàárín omi, wọ́n á máa na apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ àti ọmọ ọwọ́ sókè, tariwo-tariwo. Lọ́dún 1997, ọkọ̀ yìí kan náà kó ju 75,000 àwọn ará Kóńgò tí ogun lé kúrò nílé padà sí ìlú wọn.

Ẹrù Burundi àti Kóńgò láti Dar es Salaam ṣì ń gba Kigoma: wọn á já a nínú wágọ́ọ̀nù, wọn á dì í sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàrá bá gbá ojú irin lọ nítòsí Kilosa, ìlú kan lójú ọ̀nà rélùwéè náà, bó ti ṣe ní ìparí ọdún 2009, ọkọ̀ lè wà, omi lè wà, ẹrù kò ní sí.