Ìgbín, àrọ̀ àti ẹ̀fọn: bí ara ẹranko ṣe ń bá ibùgbé rẹ̀ mu

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ àti òbí sọ ní Òmù-Àrán rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀ fún kíkà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Láti Ìlọrin títí dé ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sì dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ọyẹ́ á fẹ́, koríko á gbẹ, iná á jó oko. Ẹ̀dá tí kò bá lè la oṣù wọ̀nyẹn já kò lè di ará ibí. Bí wọ́n ṣe ń là á já, àti bí agbára bẹ́ẹ̀ ṣe dé ara wọn, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbín. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran ara rẹ̀, kò sì ní awọ líle tó lè dá omi náà dúró. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, á rì sínú ilẹ̀ díẹ̀, á fà wọnú ìkarahun, á wá fi omi yíyọ̀ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Omi náà á gbẹ, á di ìbòrí funfun fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ìgbín ti rí i rí. Kò ní jẹun, ọkàn rẹ̀ á máa lù jẹ́jẹ́, títí òjò á fi rọ̀ tí á já ìbòrí náà.

Àrọ̀ yà mí lẹ́nu ju ìgbín lọ. Omi tó bá gbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra, omi tó ń gbẹ lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gbóná. Epìyà á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tí àwọn ẹja fi ń mí: ó yọ ẹ̀ka bí igi kékeré, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú ẹ̀ka náà. Á yọjú sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, ẹ̀ka yẹn á sì fa ọ́síjìn inú rẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja fi lè pa àrọ̀ mọ́ láàyè nínú abọ́ tí omi rẹ̀ kò tó nǹkan. Lálẹ́ tí ilẹ̀ bá tutù, ó tilẹ̀ lè wọ́ lórí ilẹ̀ láti inú omi kan bọ́ sínú òmíràn. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nínú tánkì, bí ẹja ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò burú. Bí gbogbo wọn bá ń rọ́ sókè láìdẹ̀, ẹ tètè pààrọ̀ omi.)

Ewúrẹ́ kúkúrú inú àgbàlá wa náà ní tirẹ̀: ó lè fara da àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó ń dá màlúù Fúlàní ńlá wó lulẹ̀.

Ṣé ìgbín ló wá jókòó gbèrò gbogbo èyí? Rárá o. Charles Darwin àti Alfred Russel Wallace, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ará Britain, ló gbé àlàyé náà kalẹ̀; wọ́n kà á fún àwọn onímọ̀ ní London ní 1858. Ọmọ ẹranko kan kì í rí bí èkejì gẹ́lẹ́. Èyí tí ìbí rẹ̀ bá ibùgbé mu ló ń yè, òun náà ló ń bímọ tó máa jogún rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìgbà láéláé nìkan nìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yín. Oògùn tí wọ́n fi ń rẹ nẹ́ẹ̀tì ń pa ẹ̀fọn púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n bí pẹ̀lú agbára láti tú oògùn náà ká nínú ara wọn. Àwọn yẹn ló ṣẹ́ kù láti yé ẹyin. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìran mélòó kan, oògùn àtijọ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n mọ́. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì tó ní PBO ní 2017. PBO ló ń dí ẹ̀fọn lọ́wọ́ láti tú oògùn ká. Ní 2023 wọ́n tún fọwọ́ sí èyí tó ní oògùn oríṣi méjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má torí èyí ká nẹ́ẹ̀tì yín kúrò. Kódà ẹ̀fọn tí oògùn kò pa kò lè gba inú nẹ́ẹ̀tì tí kò ya wọlé.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan ní kí n sọ ti akíka. Ó ní nígbà èwe òun, wọ́n máa ń rí i lóko, òun ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó béèrè bóyá akíka náà kò lè yí ìṣe padà bí ẹ̀fọn. Mo dá a lóhùn pé bí ẹ̀rù bá ba akíka, ṣe ló ń ká jọ, tí ìpẹ́ líle á bo gbogbo ara rẹ̀. Eyín kìnnìún kì í ràn án. Àmọ́ ọdẹ kì í fi eyín mú un: á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e sápò. Òwò náà le débi pé ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de títa akíka láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ẹ̀yà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ní ti ìbéèrè ìyá wa, ẹ̀fọn lè ti inú ẹyin di àgbà láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, abo kan sì lè yé ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Akíka sábà máa ń bí ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo, tí á máa gbé e kiri lórí ìrù. Nítorí náà, ìyípadà tó ń tètè dé bá ẹ̀fọn kò lè tètè dé bá akíka.