Òkú Èkó tó ṣì ń mí lórí píà Deal

Ṣadé: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa, yálà ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì àbí ẹ ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Bọ̀dá Wálé, mo gbọ́ pé ẹ lọ pẹja ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ ò dẹ̀ mú mi dání.

Wálé: Má bínú àbúrò mi, a jọ máa lọ. Deal ni mo lọ, ìlú kékeré létí òkun, tréènì ló gbé mi láti ibùdókọ̀ St Pancras ní London, bíi wákàtí kan ààbọ̀ báyìí. Etí òkun wọn ò ní iyanrìn bíi ti Badagry, òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀, tó o bá ń rìn á máa dún lábẹ́ bàtà ẹ. Ṣùgbọ́n píà yẹn ni mo bá lọ, ìyẹn afárá gígùn tí wọ́n nà láti etíkun wọ inú omi. Ẹsẹ̀ bàtà 1,026 ló fi wọ inú òkun, tó o bá dé ìparí ẹ̀ omi ló yí ẹ ká, bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ṣadé: Ta ló ni ín? Ṣé kì í ṣe pé èèyàn gbọ́dọ̀ di mẹ́ńbà?

Wálé: Rárá, káńsù ló ni ín, tẹrú tọmọ ló lè débẹ̀. Tó o bá fẹ́ pẹja lo máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láísẹ́ńsì tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pẹja lódò, wọn kì í béèrè ẹ̀ tó bá jẹ́ ẹja inú òkun lò ń fi ìwọ̀ pa. Ọdún 1957 ni Prince Philip wá ṣí i, ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì ni, torí nígbà ogun Hítílà, ní 1940, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Nora ló ya lu èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣadé: Ẹja wo lẹ wá rí pa?

Wálé: Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Bàbá òyìnbó kan tó ti dàgbà dáadáa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí látàárọ̀, ó ní kí n fi ekòló tí mò ń lò yẹn sílẹ̀, ló bá fún mi ní okùn tí ìwọ̀ tò sí lára lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n so ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n jẹ́ kó rì, kí n fà á sókè, kí n tún jọ̀wọ́ ẹ̀. Kò pẹ́ ni ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi! Ẹja mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣadé, titus ni!

Ṣadé: Titus? Titus inú páálí?

Wálé: Òun náà! Mackerel ni wọ́n ń pè é níbí.

Ṣadé: Hẹ̀n-ẹ́n! N’Íbàdàn, òkú Èkó la máa ń pè é. Ìyá mi tà á, ó máa ń gan bí igi, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń ya wọ́n kúrò lára ara wọn.

Wálé: Ṣó o rí i? Òkú la mọ̀ ọ́n sí. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo ti jẹ ẹ́ tán láìka iye, mi ò tíì rí èyí tó wà láàyè rí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán, àwọ̀ ewé ni, ilà dúdú wọ́gọwọ̀gọ, ikùn ẹ̀ bíi fàdákà, ó ń jà lọ́wọ́ mi, kò dẹ̀ pẹ́ rárá tí àwọ̀ yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Èyí tó ti ṣá tán ló ń dé ọjà wa. Omi bọ́ lójú mi.

Ṣadé: Ó wọ̀ mí lára o.

Wálé: Bàbá yẹn ní ẹja tí kì í sinmi ni, kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ẹja mìíràn fi ń léfòó, tí kò bá lúwẹ̀ẹ́ á rì. Ìgbà ooru ló ń sún mọ́ etí òkun. Àmọ́ ó ń tètè bàjẹ́ o! Bó o bá ti pa á, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà, kó o fi sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ẹja mìíràn tí wọ́n ń pè ní bass ní tiẹ̀, tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 42, òfin ní kó o dá a padà sómi.

Ṣadé: Ẹ̀yin náà ò sọ nǹkan kan fún bàbá yẹn?

Wálé: Mo sọ fún un pé ẹja ẹ̀ ní orúkọ nílé wa, mo túmọ̀ òkú Èkó fún un. Ó dákẹ́ lọ títí, ó wá ní kí n tún un pè.

Ṣadé: Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni màá ra yìnyín.