Lumpy Stevens: Ajubọ́ọ̀lù tí igi méjì kò tó fún

Ẹ fojú inú wo wíkẹ́ẹ̀tì kríkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìyẹn àwọn igi tí ajubọ́ọ̀lù ń ju bọ́ọ̀lù sí kó lè wó wọn, kí ẹni tó ń fi bààtì gbá bọ́ọ̀lù sì jáde. Igi méjì péré ló dúró, igi kékeré kan sì dábùú lé wọn lórí. Ẹni tó bá ń wo kríkẹ́ẹ̀tì lónìí á ní ọ̀kan ti sọnù. Kò sọnù o. Bí wọ́n ṣe ń rì í mọ́lẹ̀ ní England ní ọdún 1775 nìyẹn: gíga rẹ̀ ínǹṣì 22, igi tó dábùú lé e sì gùn tó ínǹṣì 6. Ọkùnrin tó mú kí igi kẹta wọlé ni Edward Stevens, tí wọ́n ń pè ní Lumpy.

Nǹkan bí ọdún 1735 ni wọ́n bí i, ní Send, ní agbègbè Surrey. Iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe fún Earl ti Tankerville ní Walton-on-Thames. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọgbà yẹn tàn yín jẹ. Àwọn ọlọ́lá ìgbà náà a máa gba ẹni tó mọ kríkẹ́ẹ̀tì síṣẹ́ kí wọ́n lè rí i lò lọ́jọ́ ìdíje, nítorí owó ńlá ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré náà.

Láyé Lumpy, kò sẹ́ni tó ń gbé ọwọ́ sókè ju bọ́ọ̀lù. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ti ń wá. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kàn ń yí bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí bààtì àtijọ́ fi tẹ̀ nísàlẹ̀. Lumpy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́ kó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níwájú oníbààtì, ibi tó bá sì balẹ̀ sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bó bá tètè balẹ̀ jù, oníbààtì á ráyè wo bó ṣe ta sókè. Bó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jù, á gbá a kó tó balẹ̀ rárá. Àárín méjèèjì ni oníbààtì kì í ti mọ̀ bóyá kóun sún síwájú tàbí kóun dúró. Ibẹ̀ ni Lumpy ń sọ ọ́ sí, lọ́pọ̀ ìgbà. Bààtì tó tẹ̀ kò wúlò mọ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tó gún.

Ó tún mọ ilẹ̀ yàn. Òfin ọdún 1774 fún ẹgbẹ́ àlejò láyè láti yan ibi tí wọ́n máa ri wíkẹ́ẹ̀tì sí, láàárín yáàdì 30 sí ibi tí onílé bá fi hàn. Lumpy á wá ibi tí ilẹ̀ ti yọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè balẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀. Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kì í ta sókè. Á fà mọ́lẹ̀, á sì yọ́ gba abẹ́ bààtì kọjá. Ajubọ́ọ̀lù mìíràn, David Harris, ní tiẹ̀ fẹ́ ilẹ̀ tó ń gòkè, kí bọ́ọ̀lù ta sókè, kí ẹlòmíì lè hán an lẹ́yìn tí oníbààtì bá gbá a, kó tó balẹ̀, kí oníbààtì sì jáde. Tèmi ni pé Harris ló ro ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jù, torí ẹni tó bá hán bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn, wọn kì í kọ ti ajubọ́ọ̀lù. Kí Lumpy tó lè gba ìyìn, àfi kó wó igi.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1775, ní Artillery Ground ní London, ènìyàn márùn-ún láti ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì Hambledon pàdé márùn-ún ti agbègbè Kent. Lumpy wà pẹ̀lú Kent. John Small ni oníbààtì tó kù fún Hambledon, àmì 14 ni wọ́n sì ń wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù Lumpy gba àárín igi méjèèjì kọjá láìkan ọ̀kankan! Small dúró, ó gbá àmì 14 náà, Hambledon sì borí.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀lù nípọn tó nǹkan bí ínǹṣì 3, àlàfo igi sì sún mọ́ ínǹṣì 6. Bọ́ọ̀lù tó bá gba àárín gan-an máa ku nǹkan bí ínǹṣì kan àbọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí tó bá yà díẹ̀ ló máa wó igi. Ìyẹn ni pé ẹni tó tàsé díẹ̀ ń jèrè, ẹni tó ṣe é gẹ́ẹ́ ń pàdánù. Wọ́n rí i pé ìyà ni, wọ́n sì fi igi kẹta sí àárín.

Kíá kọ́ ni gbogbo èèyàn gbà á. Àwọn kan ní eré á tètè máa parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1777, ní Sevenoaks, James Aylward ti Hambledon gbá àmì 167, ẹ̀rù yẹn sì rọlẹ̀.

Lumpy kú ní ọdún 1819. Wíkẹ́ẹ̀tì ti ga sí i láti ìgbà náà: ínǹṣì 28 ni lónìí, ó sì fẹ̀ tó ínǹṣì 9. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ mú bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tì í gba àárín igi méjì tó tẹ̀ léra. Kò ní gbà.